Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ìwé Gba Èkó

Ìdájí

Ọkọ̀ ogun kan wà lójú ọ̀sà níwájú ìlú. Prometheus ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ onísitíìmù ti ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gágun ojú omi kan tó ń jẹ́ Norman Bedingfield ló sì ń pàṣẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ló fẹ́ mọ́ yìí.

Ẹni tó bá mọ Èkó ìgbà náà mọ̀ pé ọkọ̀ ńlá kì í ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú ọ̀sà. Yanrìn dí ẹnu òkun, ìgbì ibẹ̀ sì ti dojú ọkọ̀ púpọ̀ dé. Lójú agbami lóhùn-ún ni ọkọ̀ àwọn oníṣòwò máa ń dúró sí, tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa gba ẹrù lọ́wọ́ wọn, tí wọn á sì máa gbé epo pupa lọ fún wọn. Bí ọkọ̀ ogun bá wá forí la gbogbo wàhálà yẹn títí ó fi wọlé, tó wá kọjú ìbọn sílé onílé, kò sí ọmọdé tí yóò bi ìyá rẹ̀ pé kí ló wá ṣe.

Èkó kò tíì gbàgbé. Oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ni irú ọkọ̀ báyìí wọlé wá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà. Àwọn ará Èkó ti to ìbọn àgbá sí etí omi, wọ́n sì dá àlejò lóhùn dáadáa: nǹkan bí 15 ló kú nínú àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, 75 sì fara gbọgbẹ́. Lọ́jọ́ kejì ni ọta oníná tí wọ́n ń jù láti inú ọkọ̀ bà sórí ilé. Iná ran láti òrùlé dé òrùlé, ibi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí bú gbàmù, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Òyìnbó gbé Akíntóyè padà sórí oyè. Ọmọ Akíntóyè ni Dòsùnmú, ọba tó wà láàfin, ní Ìgà Ìdúngànràn, lóru yìí. Ogun Àgídìngbì ni ìlú ń pe ìjà náà, nítorí ìró àgbá tó ń dún léraléra. Ọdún kẹwàá rèé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọgbọ̀n, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni pìtàn fún òun.

Nígbà tí oòrùn yọ

Erékùṣù kan ni, ṣùgbọ́n ó tó ìlú mẹ́rin tó jí lórí rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ jí, níbi tí ọba, àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ onílẹ̀ àti àwọn apẹja ń gbé. Ní Olówógbowó, àwọn Sàró ni. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tó já wọn sílẹ̀ ní Freetown. Wọ́n ti wá padà sílé pẹ̀lú Bíbélì, kóòtù àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Àgùdà wà ní Pópó tiwọn. Brazil àti Cuba ni wọ́n ti dé, iṣẹ́ káfíńtà, bíríkìlà àti aránṣọ ló wà lọ́wọ́ wọn, Ìjọ Páàdì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Lójú Marina ni àwọn òyìnbó oníṣòwò kọ́lé sí, kí ojú wọn lè máa wà lára omi àti lára ẹrù.

Epo pupa ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró. Láti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń gbé e wá sétí ọ̀sà, wọn á rọ ọ́ sínú àgbá onígi, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọṣẹ, tí wọ́n sì ń fi í ra irin ẹ̀rọ. Owó ẹyọ ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ O'Swald láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ń fi ọkọ̀ kó owó ẹyọ wá láti Zanzibar, àwọn náà sì ti rí èrè rẹpẹtẹ jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, ẹrù kan gbáko fún alágbàrù. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, a ó padà bá a lọ́sàn-án.

Ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà lọ́dún náà. Ogun Ìjàyè ti wọ ọdún kejì, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá dojú ìjà kọra, ọ̀nà sì ń dí. Lápá kejì òkun, ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹrin, òwú tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Manchester sì ti wà nínú ewu. Àwọn ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wo ilẹ̀ mìíràn tí òwú lè ti wá, ojú wọn kò sì fo Abẹ́òkúta dá. Kò sí èyí tí obìnrin tó ń gbé ẹja yíyan lọ sọ́jà láàárọ̀ náà ní láti mọ̀, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìdí tí ọkọ̀ ogun fi dúró níwájú rẹ̀.

Òwúrọ̀, nílé onírin

Ilé kọ́ńsọ́lù, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lójú Marina. Irin ni wọ́n fi kọ́ ọ. Láti òkè òkun ni wọ́n ti gbé e wá ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n sì tò ó pọ̀ sórí yanrìn. Ooru inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Richard Burton, arìnrìn-àjò tó gba Èkó kọjá lọ́dún yẹn gan-an, fi ilé náà wé pósí tó ń gba òkú kọ́ńsọ́lù kan lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà ni, ṣùgbọ́n ẹ kà á: Benjamin Campbell kú ní 1859, George Brand kú ní 1860, Henry Foote kú ní oṣù Karùn-ún 1861. Ìwé àṣẹ tó sọ pé kí wọ́n gba Èkó jáde ní London lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹfà, lábẹ́ ọwọ́ Lord John Russell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Foote tí ì bá mú un ṣe ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹni tó bọ́ sí ipò rẹ̀ fúngbà díẹ̀ ni William McCoskry. Oníṣòwò ni. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, Èkó sì sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Orúkọ náà ṣì wà lára àdúgbò kan ní erékùṣù náà títí dòní, àwọn tó ń fi dánfó kọjá lábẹ́ afárá ibẹ̀ lójoojúmọ́ ò sì rántí ẹni tó ni ín mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ gba ìlú lórúkọ ọbabìnrin lọ́sàn-án yìí ní ọjà tirẹ̀ nínú ìlú náà. Bí Èkó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa gba gbèsè fún oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì. N kò sọ pé ìdí tó fi ṣe é nìyẹn. Mo ń sọ pé kò sí ẹni tó bi í.

London ní tirẹ̀ kò ṣàìní ọ̀rọ̀. Wọ́n ní òwò ẹrú kò tíì kú tán, pé ọba Dáhòmì ṣì ń wá ẹrú káàkiri, pé Dòsùnmú kò lágbára láti dá ohunkóhun dúró, pé òwò tó mọ́ nílò ààbò. Òótọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀: Dáhòmì gbógun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, yóò sì tún wá ní 1864. Faransé náà ń rìn káàkiri etí òkun, Gẹ̀ẹ́sì kò sì fẹ́ kí ó ṣáájú òun. Russell tilẹ̀ kọ ọ́ pé pẹ̀lú ìlọ́ra ni ìjọba fi gbà láti ṣe é, ó sì ní kí wọ́n wá owó ìfẹ̀yìntì fún ọba. Olè tó ń bẹ onílé pé kó má bínú kò wọ́pọ̀.

Ìyálẹ̀ta, ní Ìgà Ìdúngànràn

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ni wọ́n pe Dòsùnmú sínú Prometheus, tí McCoskry àti Bedingfield là á mọ́lẹ̀ fún un pé ọbabìnrin fẹ́ gba Èkó. Wọ́n fún un títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ láti fèsì. Ó kọ̀. Wọ́n tún padà wá. Àwọn ìjòyè kò fara mọ́ ọn, ìlú ń ru. Nígbà náà ni Bedingfield jẹ́ kó yé wọn pé bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, òun yóò yin ìbọn lu ìlú.

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹfà bá ọba tí ọ̀nà mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, tí kò sì sí èyí tó dára nínú wọn.

Ó lè jà. Àmọ́ ìdílé tirẹ̀ ni ìbọn ọdún 1851 gbé dé orí oyè. Ìbọn kan náà ni yóò kọjú sí báyìí, láìní àgbá tó pọ̀ bíi ti Kòsọ́kọ́, láìní àwọn jagunjagun tó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ó lè sá. Ẹ̀pẹ́ kọ́ ni yóò sá lọ o, nítorí Kòsọ́kọ́ wà níbẹ̀, alààyè, pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ọjà rẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 1854 ni òun àti Gẹ̀ẹ́sì ti tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà, àwọn tó ń fẹ́ kó padà sì wà nínú Èkó. Bí Dòsùnmú bá fi ìtẹ́ sílẹ̀, ta ni òyìnbó yóò ránṣẹ́ pè? Kò ṣòro láti mọ̀. Kòsọ́kọ́ tilẹ̀ padà sí Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ará ìlú, lábẹ́ àsíá àwọn tó lé e.

Ó sì lè fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan lè ní ọba tí kò lágbára ni. Mo rò pé ẹjọ́ náà kò tọ́ sí i. Nígbà tí Akíntóyè wàjà ní oṣù Kẹsàn-án 1853, Campbell ló sáré ti Dòsùnmú lẹ́yìn kí ìlú tó rójú sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kọ́ńsọ́lù ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́. Nígbà tí Ìyá Tinúubú, obìnrin oníṣòwò tó lówó jù l'Ékòó, ń tako àwọn òyìnbó àti àwọn Sàró lọ́jà, 1856 ni wọ́n lé e kúrò nílùú. Abẹ́òkúta ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti di ìyálóde. Ọba tí wọ́n ti gba ìjòyè rẹ̀, ọjà rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú nù lọ́jọ́ kan. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ náà ni orúkọ rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n wá gbà.

Ọ̀sán

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí ọba wà nílé kọ́ńsọ́lù pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ìwé wà lórí tábìlì.

Orúkọ wọn bí ó ṣe wà nínú ìwé náà rèé: Docemo, Telake, Rocamena, Obalekow, Achebong. Bí òyìnbó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ Ọbaníkòró nínú ìkẹrin, yóò sì gbọ́ Aṣógbọ́n nínú ìkarùn-ún. Bedingfield àti McCoskry fọwọ́ sí i fún ọbabìnrin.

Ìwé náà kúrú. Ó ní kí ọbabìnrin lè ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́, kó sì dáàbò bò wọ́n, kí òwò ẹrú lè dópin, kí ogun Dáhòmì lè dáwọ́ dúró, Dòsùnmú fi èbúté àti erékùṣù Èkó, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀tọ́, èrè àti ilẹ̀ tó so mọ́ ọn, lé ọbabìnrin àti àwọn àrólé rẹ̀ lọ́wọ́ títí ayé, láìkù síbì kan. Ó lè máa jẹ́ orúkọ ọba, bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ń lò ó. Ó lè máa dá ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ ìlú bí àwọn méjèèjì bá gbà, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì. Yóò gba owó ìfẹ̀yìntì tó bá ohun tó ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀ mu. Ọ̀kẹ́ 1,200 lọ́dún ni wọ́n padà fi í sí, ìyẹn mílíọ̀nù 24 owó ẹyọ, tí wọ́n sì ṣírò sí £1,030. Ẹni tó ń gba owó ibodè lórí gbogbo ẹrù tó ń jáde ní èbúté tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń dúró de ìparí ọdún.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn òpìtàn kì í dúró tì. Ó ní bí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ Dòsùnmú lórí ìwé rẹ̀ ni ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà.

Níbí ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Èkó kì í ṣe ilẹ̀ ọba. Àwọn ìjòyè Ìdéjọ ló nilẹ̀, àwọn tí ìran wọn lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́fin, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ìdílé ọba tó ní okùn pẹ̀lú Bìní tó dé. Ilẹ̀ tí ààfin gan-an dúró lé, oko ata Arómirẹ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ. Ọba ní àṣẹ, ó ní owó ibodè, ó ní ọ̀wọ̀. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹbí. Gẹ̀ẹ́sì wá wo ọba, ó rántí ọba tirẹ̀ nílé, ó gbà pé gbogbo ilẹ̀ ti ọba ni, ó sì ní kó fi sílẹ̀. Dòsùnmú sì fi ohun tí kò ní sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ pé kò ní i.

Ọgọ́ta ọdún ni ìjà ìyẹn gbà. Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apapa, Olóyè Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, sì ní kí wọ́n san owó rẹ̀ fún ẹbí òun. Àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ yìí ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ilẹ̀ náà bí onílẹ̀. Ní 1920 ló wọkọ̀ lọ sí London, Herbert Macaulay tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀. Ní 1921, Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn kólóni, dá a láre: ìwé ọdún 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. £22,500 ni wọ́n padà san.

Ará Kubwa ni mí, ọ̀rọ̀ ìwé àti ilẹ̀ kò sì jìnnà sí wa níbí. Àwọn Gbagyi ló ni ibí kí Abuja tó di olú ìlú. Ní oṣù Kejì 1976, Àṣẹ nọ́ńbà 6 ti ìjọba ológun Murtala Muhammed fi nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó sábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó jí lówúrọ̀ ọjọ́ náà ní Maitama kò mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n sùn lé ti kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó yá, Kubwa ni wọ́n kó wọn wá, tí Maitama wá di ibi tí àwọn àńbásẹ́dọ̀ ń gbé. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní Gbazango tàbí Byazhin, ohun tó kọ́kọ́ ń bi ẹni tó fẹ́ tà á ni pé ìwé wo ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n á mú ìwé wá, wọ́n á ní baálẹ̀ ti fọwọ́ sí i, pé kò sí ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ìgbà mìíràn, ọ̀dà pupa tí ìjọba fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni yóò padà sọ òótọ́ lára ògiri. Mo máa ń rántí òǹtẹ̀ Dòsùnmú bí mo bá rí ọ̀dà yẹn. Olú ìlú fi Èkó sílẹ̀ wá síbí lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, ó sì kó ìwà tó bá nílé wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i

Èyí kò pẹ́. Wọ́n jáde síta, wọ́n ka ìkéde, wọ́n ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sórí òpó. Prometheus yin ìbọn 21. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì kọ orin ìyìn fún ọbabìnrin.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ló ń ṣe mí jù. Ọ̀pọ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, ọmọ ẹni tí ọkọ̀ ogun ọbabìnrin yìí kan náà yọ nínú ọkọ̀ ẹrú. Bí bàbá wọn bá sunkún ayọ̀ lọ́sàn-án náà, n kò ní dá a lẹ́bi. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà CMS sì ti pé ọdún méjì. Thomas Babington Macaulay ló ń darí rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ yìí ni wọ́n bí ọmọ fún un, Herbert, ẹni tó wá bá Olúwa lọ sí London lọ gba ilẹ̀ padà. Bí a bá ń wá ibi tí ìjà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀, ilé àwọn tó mọ orin rẹ̀ kọ ni ká kọ́kọ́ lọ kànkùn.

Ìrọ̀lẹ́

Ìbọn 21 yẹn kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo erékùṣù gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ sì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu pẹ̀lú àwọn tó ń tukọ̀ lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tó gbóná jù ni ti ẹrú. Òwò ẹrú sí òkè òkun ti ń kú lọ, ṣùgbọ́n ẹrú inú ilé pọ̀. Àwọn ló ń fẹ́ epo, tí wọ́n ń gbé e, tí wọ́n ń tukọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lówó l'Ékòó, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìjẹ̀bú, ènìyàn ló fi ń ka ọrọ̀ rẹ̀. Àsíá tó gòkè lọ́sàn-án sì ti sọ erékùṣù di ilẹ̀ tí òfin rẹ̀ kò mọ ẹrú. Bí ẹrú Ẹ̀gbá bá sá dé Èkó lọ́la, ta ni yóò dá a padà? Lóòótọ́, wọ́n sá wá. Láti inú àwọn Haúsá tó sá wá bẹ́ẹ̀ ni John Glover, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, ti ṣa àwọn tó fi dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Haúsá sílẹ̀ ní 1863, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ọlọ́pàá àti sójà ilẹ̀ yìí wà. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí olówó rẹ̀ ń wá láti mú padà di ẹni tó gbé ìbọn fún ìjọba. Ìjòyè tó ń kọjá lọ́nà kò ní fẹ́ràn ohun tó rí.

Abẹ́òkúta bínú, Ìjẹ̀bú bínú. Ọ̀rẹ́ ni Ẹ̀gbá ka Gẹ̀ẹ́sì sí, àwọn ló gba àwọn míṣọ́nnárì sílé. Wọ́n wá ń wo bí ọ̀rẹ́ ṣe ń gba ilé aládùúgbò wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ìgbà tí yóò kan tiwọn. Ní oṣù Kẹwàá 1867 ni wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pè é.

Nínú Èkó fúnra rẹ̀, ẹ̀hónú kò dákẹ́ mọ́. Ó máa ń lọ sábẹ́, á tún jáde níbòmíràn. Ní 1908, owó omi ẹ̀rọ ló gbé e jáde: àwọn ará ìlú ní omi kànga tó àwọn, kí àwọn òyìnbó tó fẹ́ omi ẹ̀rọ máa sanwó rẹ̀. Ní 1925, Ọba Èṣùgbàyí ni. Ìjọba gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà wálé títí di 1931. Lágbàáyé náà, ohun kan náà ni wọ́n ń rí. Ní Sierra Leone, owó orí ilé ló di ogun ní 1898. Ní Amẹ́ríkà, tí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ sọ nù, owó orí ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ìjọba tó bá gba ìlú láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń yà á lẹ́nu pé ìlú kò fẹ́ sanwó fún un.

Alẹ́

Oúnjẹ alẹ́ wà nínú Prometheus. Àwọn òyìnbó ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán síbẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n mu. McCoskry, tó jí ní kọ́ńsọ́lù, sùn ní gómìnà. Yóò wà nípò náà títí Henry Stanhope Freeman yóò fi dé ní oṣù Kìíní 1862. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún náà ni ìwé àṣẹ jáde tó sọ Èkó di kólóni. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ ti nà: Ìjẹ̀bú ní 1892, Ọ̀yọ́ ní 1895, Lokoja lọ́jọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900, títí ó fi kan Abuja àtijọ́, èyí tí à ń pè ní Suleja, ní 1902. Ó gbà wọ́n ní ogójì ọdún àti díẹ̀ láti dé ìtòsí ibi tí mo ń gbé.

Ní Ìgà, kò sí àsè.

Ọjọ́ kẹta

Lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní àwọn kò fi tinútinú gbé ilẹ̀ àwọn sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gágun inú ọkọ̀ sọ fún àwọn pé òun yóò fi ìbọn pa Èkó rẹ́ kíá bí àwọn kò bá gbà.

Èsì kò yí nǹkan kan padà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì 1862, Gómìnà Freeman gbé àfikún ìwé kan síwájú ọba pé kó fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀kẹ́ 1,200 tí yóò máa gbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé bí ó bá tẹ èyíkéyìí nínú àdéhùn náà lójú, owó náà parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àdéhùn ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ yé Ọba Dòsùnmú yékéyéké, ó sì gba gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.